Ọkọ̀ Tó Hó Lẹ́ẹ̀mẹta Lójú Ọ̀nà Iléṣà

Mo rántí òórùn omi gbígbóná tó dà pọ̀ mọ́ òórùn pósí tuntun, lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gbé òkú òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe láti Òṣogbo lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ẹ́ńjìnì lè ṣe tí kò ní yé mi. Ìyàwó olóògbé jókòó ti pósí lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́kùnrin sì jókòó níwájú lọ́dọ̀ mi. Oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ kí a tó dé, torí òkú náà ti sun ọjọ́ kan, wọ́n sì ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀.

A kò tíì jìnnà sí Òṣogbo tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo dúró, mo jẹ́ kó tutù, mo bu omi kún rédíétọ̀, a tún gbéra. Kò pẹ́, ó tún hó. Mo wo bẹ́líìtì tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì, ó le dáadáa. Mo ṣa ewé gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ kúrò, mo nu ọwọ́ bí ajagunṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú. Àárín oko kòkó ló ká wa mọ́, ní ọ̀sán gangan; ewé kan kò mì, ẹyẹ kan kò ké. Mo pa ẹ́ńjìnì. Bí èéfín ṣe ń rọlẹ̀ ni mo gbọ́ kò, kò, kò, díẹ̀díẹ̀. Irin tó ń tutù máa ń dún bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni etí mi ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà. "Dírẹ́bà, má da ara rẹ láàmú. Èmi ni mo lé e jáde nílé, ó sì búra pé òun kò ní tẹsẹ̀ síbẹ̀ mọ́ láéláé. Jẹ́ ká dá a padà sí Òṣogbo."

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ tí kò lè lọ kò lè padà."

Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Àbúrò mi, mo jẹ̀bi. Jẹ́ ká lọ sílé."

Ìyàwó olóògbé, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá gbójú sókè wò mí. "Ó ní kí o wo rọ́bà ìsàlẹ̀. Ó ní kí ẹ́ńjìnì máa sáré nígbà tí o bá ń wò ó."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀, ìyá?"

Ó gbé ọwọ́ lé pósí.

Nígbà tí ọkọ̀ tutù, mo bu omi sí i, mo ṣáná, mo sì fi ọwọ́ fa wáyà tó ń fún un lépo. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ké tòò, rọ́bà tó ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì fà wọlé pẹlẹbẹ, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Mo dẹwọ́, ó tún wú. Rọ́bà náà ti rọ̀. Bí a bá ti ń sáré ni ó ń pàdé, tí omi kò sì rí ọ̀nà kọjá. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń tú inú ọkọ̀ wò, pípa ni mo ń pa ẹ́ńjìnì, rọ́bà náà a sì ti wú padà kí n tó wò ó. Mo ya tìmùtìmù ìjókòó mi, mo yọ sípíríǹgì kan níbẹ̀, mo tì í sínú rọ́bà kó má baà pàdé mọ́, mo sì dè é padà. Ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ pọn omi wá lódò. A gbéra. Kò hó mọ́ títí a fi kọjá Iléṣà, oòrùn sì ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ tún ẹ́ńjìnì ṣe ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nídìí oúnjẹ. N kò bi obìnrin náà. Ìdáhùn tó bá fẹ́ fún mi ni mo ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí mo fi fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, n kò gbé òkú kankan láì kọ́kọ́ lọ kí i lẹ́yìn ọkọ̀, kí n sì sọ ibi tí à ń lọ fún un. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi a máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí mo bá ti kí i tán.