Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wá Kọ́ Rust

Inú ilé pákó kan ní Awoye ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi. Òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìn omi ṣe lára ọkọ̀ ojú omi àwọn elépo rọ̀bì. Òun náà ló fi èdè C kọ kóòdù tí ẹ̀rọ ọ̀hún fi ń bá kánẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró lé. Àwọn tó ń bójú tó kánẹ́ẹ̀lì náà lókè òkun gba kóòdù rẹ̀ wọlé, wọ́n sì ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Inú gbogbo ilé wa dùn. Àmọ́ tí mo bá ṣi ìlà kan kọ, àwọn tó ń sá ẹja níta á gbọ́ ariwo tí ẹ̀gbọ́n mi ń pa mọ́ mi.

Nígbà tó yá, èdè tuntun dé, Rust. Àwọn kan ní ká máa fi kọ kánẹ́ẹ̀lì, torí kì í gba àwọn àṣìṣe kan tí C máa ń gbójú fò. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà yarí. Àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí ń bú ara wọn nínú í-meèlì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí à ń pààrọ̀ òpó ilé inú omi nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sùn lókè. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Àwọn tó ń bójú tó kánẹ́ẹ̀lì ní kí èmi náà sọ tèmi. Mo ti fi Rust tún kóòdù ẹ̀gbọ́n mi kọ, ó sì dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni. Wọ́n gba tèmi, wọ́n sì fi mí rọ́pò rẹ̀. Látìgbà yẹn, n kì í jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wakọ̀ wá bá mi ní Mahintedo níbi tí mò ń gbé, ó fi ọ̀rá wé kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun. A jókòó. Ó kọ, Rust kọ̀ ọ́. Ó tún un kọ, ó tún kọ̀ ọ́. Ó nu ojú.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí lára rẹ nìyí, nígbà tí mò ń pariwo mọ́ ọ?"

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

"Má bínú, àbúrò mi."

Èmi tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀. N kò mọ ibi tí màá fojú sí. Mo fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, mo ń díbọ́n pé mò ń wá àṣìṣe nínú ìlà tí kò ní àṣìṣe kankan.