Ṣọ́ọ̀bù Olówó Pọ́ọ́kú Ọ̀nà Arigidi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ lójú mi pé ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa wá kiri, màá ní kó jókòó kó gbọ́ tèmi ná. Inú ṣì ń bí mi. Mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, mo ti rí ibòmíràn, àmọ́ títí dòní, bí mo bá gba ọ̀nà Arigidi kọjá tí mo rí ilé yẹn, ṣe ni mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilé wa ní Ọ̀kà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéèkì, nínú ilé ìdáná tí ìyá mi ti ń se irú. Irú ni iṣẹ́ ìyá mi. Ó ń sè é, ó ń gún èèpo rẹ̀ kúrò, ó ń bò ó títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba gbogbo àgbàlá. Bọ́tà ní tirẹ̀ kò nítìjú, òórùn tó bá bá pàdé ló máa ń fà mọ́ra. Ìyá kan ní Ìkàrẹ́, tí mo ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, kéèkì yìí rẹwà, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ọbẹ̀ ilá síwájú mi."

Ojú tì mí dọ́ba. Mo lọ bá ìyá mi pé kí a pín ọjọ́ lò, kí irú ní ọjọ́ tirẹ̀, kí kéèkì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí lẹ́nu mi tó fi dá mi lóhùn.

"Irú tí ò ń yínmú sí yìí ló rán ẹ níléèwé. Àbí kéèkì ló sanwó ìdánwò ẹ? Bó bá ń rùn sí ẹ, lọ gba ṣọ́ọ̀bù!"

Mo ní màá gbà á. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Ọ̀kà, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni àwọn oníbàárà mi pọ̀ sí, ọ̀nà àárín ìlú méjèèjì sì kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà. Mo ti gbé kéèkì alájà méjì lé itan rí nínú táàsì láti Ìwàrò ní Ọ̀kà. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní Ìkàrẹ́, àjà òkè ti wà láyà mi. Ìkàrẹ́ ni mo ti gbọ́dọ̀ máa ṣe é.

Mo wá ẹ̀jẹ́ńtì kan, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju ṣúgà mi lọ. Gbogbo ìgbà tó bá mú mi jáde ló ń gba owó ìwoṣọ́ọ̀bù, kí ojú mi tó kan ilẹ̀kùn rárá. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ mú mi lọ bá. Bàbá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọkọ ẹ dà?"

"Mi ò tíì lọ́kọ, sà."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Ta wá ni n ó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tówó ilé bá pé?"

"Èmi náà ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ẹ̀jẹ́ńtì, ó ní kó lọ mú ènìyàn gidi wá fún òun. Ènìyàn gidi! Èmi tí mo ti ń bọ́ ara mi láti ìgbà tí mo ti jáde níléèwé, tí mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá mi, n kì í ṣe ènìyàn gidi, àfi bí mo bá rí ọkùnrin kan tẹ̀ lé lẹ́yìn.

Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Mò ń sá fún irú, wọ́n fẹ́ kì mí sínú ata. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìyá kan tó gbọ́ pé gáàsì ni ófúùnù mi ń lò, tó sì ká ọwọ́ lérí. "Gáàsì kẹ̀? Kí o wá dáná sun mí mọ́lé?" Bó ti ń sọ ọ́ yìí, ẹni tó gba iwájú ilé rẹ̀ ń da bẹntiróòlù láti inú kẹ́ẹ̀gì kan sínú òmíràn. Mo wo kẹ́ẹ̀gì, mo wo ìyá náà, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tó yá ni ẹ̀jẹ́ńtì pè mí pé wàhálà ti parí. Ó mú mi lọ sí ọ̀nà Arigidi, sí yàrá iwájú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ tutù nini. Ẹni tó ń fi bọ́tà ṣe ọ̀ṣọ́ kéèkì nìkan ló lè mọ bí ìtutù yẹn ti rí lára mi. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tuntun mọ́ ilẹ̀ láti igun dé igun. Owó tí wọ́n pè kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Mo bi ẹ̀jẹ́ńtì léèrè ohun tó fà á.

"Àǹtí, àwọn onílé ò sí nílùú. Wọ́n kàn fẹ́ kí ènìyàn wà níbẹ̀ ni, kí ilé má bàa dahoro."

Àkọ́bí ilé náà wá láti Àkúrẹ́ fún àgírímẹ́ńtì, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó wọ aṣọ tó gún régé, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ohun méjì péré ni òun ń bẹ̀: kí n má ṣí kápẹ́ẹ̀tì, kí n sì yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún wọn lọ́dún láti wá gbàdúrà ẹbí. Mùsùlùmí ni mí, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, mo ní àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́. Mo bi wọ́n bóyá òrùlé ń jò, mo bi wọ́n nípa kànga, nípa olè, nípa iná. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò wò mí lójú ní gbogbo àsìkò náà.

Èyí tó yẹ kí ọmọ Ọ̀kà kọ́kọ́ bèèrè ni n kò bèèrè. Bàbá bàbá mi wà nínú pálọ̀ wa nílé. Orí oórì rẹ̀ ni a ti ń ka ìwé nígbà tí a wà ní kékeré nítorí pé ó tutù, ibẹ̀ náà ni àwọn àlejò ń fìdí lé nígbà Iléyà. A kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lálàá rẹ̀ rí nínú ẹbí wa pé ká gbé pálọ̀ yẹn fún ayálégbé. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá sí mi lọ́kàn pé ẹnìkan tí ìyá bí lè ṣe irú rẹ̀.

Mo kó wọlé. Mo gbé ófúùnù sí àárín yàrá náà, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, nítorí pé mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n rẹ́ dáadáa jù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti Òkè-Àgbè, láti Arigidi, láti inú Ìkàrẹ́ gan-an. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wọlé rárá. Ìta ni wọ́n ti máa ń nawọ́ gba ohun tí wọ́n rà. Èmi òmùgọ̀ ń yangàn. Mo ní ìmọ́tótó mi ló wú wọn lórí.

Ní ọjọ́ kan, ìyá Ìkàrẹ́ tó fi ọbẹ̀ ilá bú mi ló wọlé wẹ́rẹ́. Ó dúró, ó fa afẹ́fẹ́ símú dáadáa, ó rẹ́rìn-ín. "Irú ti kúrò níbẹ̀!" Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó nìkáà, ó fẹ́ kéèkì alájà mẹ́ta. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wọn, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí èyí bá dára, èmi ni gbogbo wọn yóò máa bá ṣe. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ló kù kí n di oníkéèkì Ìkàrẹ́, kí n yé jẹ́ ọmọ onírú láti Ọ̀kà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nìkáà ku ọ̀la. Mo ti to àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti fi bọ́tà funfun bò wọ́n, mò ń fi òdòdó sí i lára nígbà tí mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àkọ́bí àti àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, àwọn ẹbí tẹ̀ lé wọn, àti alùfáà ìjọ wọn pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Wọn kò pè mí ṣáájú. Mo kí wọn káàbọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Àkọ́bí ní wọ́n ń padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó wá nawọ́ sí ófúùnù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé èyí kúrò. Orí màmá ló wà."

Mo ní, "Orí màmá wo?"

Àwọn ọkùnrin méjì gbé ófúùnù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ọ̀bẹ la kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ká a sẹ́yìn. Oórì ni, tí wọ́n fi táìsì aláwọ̀ ewé bò, pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn àti àgbélébùú. Ibi tí ẹsẹ̀ ófúùnù mi dúró sí ti sán.

Mo fọwọ́ ti ògiri. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí o, kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́. Ohun tó gún mi lọ́kàn ni pé mo ti ń yan kéèkì lórí àyà ìyá àgbà kan láti ọjọ́ yìí wá, tí n kò mọ̀ ọ́n, tí n kò kí i rí. Mo fóònù ẹ̀jẹ́ńtì. Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀." Mo bojú wòta, mo rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti pé jọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mi orí. "A rò pé o mọ̀, ọmọ mi. A tilẹ̀ ń sọ pé o láyà." Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó mi rárá.

Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi síta kí ààyè lè gbà wọ́n. Mo gbé kéèkì ìyàwó sí ẹ̀yìn òde, nínú oòrùn ọ̀sán, mo fi bàsíà rọ́bà ńlá bo orí rẹ̀ fún ìbòòji. Bọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Orin ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí ìyá ìyàwó dé láti wo kéèkì ọmọ rẹ̀. Ó yọjú wọlé, ó rí àwọn ènìyàn tó yí oórì ká, ó rí ófúùnù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yọ jáde.

"Ṣé ibí ni ẹ ti yan kéèkì ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, wọn ò sọ fún mi."

"Mo gbà pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e dé iwájú àwọn àna mi. Ìlú yìí ò tóbi, wọ́n á gbọ́." Kò pariwo. Ó gun ọ̀kadà tó gbé e wá, ó lọ, iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lódindi sì bá a lọ.

Mo padà wọlé. Wọ́n ti ṣe àmín. Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ibi tí táìsì ti sán, ó gbójú sókè sí mi, ojú rẹ̀ le.

"Àǹtí, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe sí oórì ìyá wa. Ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe o."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo gbóná! Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ìyá mi lè gbọ́ ọ dé Ọ̀kà.

"Èmi ni mo jẹ́ kó sán? Ta ló lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ìyá tó bí i? Ẹ ò fún mi ní ṣọ́ọ̀bù o, ìyá yín lẹ fi háyà! Láràárọ̀ ni mò ń gbálẹ̀ lórí obìnrin yìí, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń nù ún, èmi tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tó fọmú bọ́, owó orí rẹ̀ lẹ̀ ń jẹ ní Àkúrẹ́!"

Alùfáà pa Bíbélì dé. Àbúrò obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Mo sọ fún wọn nígbà yẹn."

Mo wo ọwọ́ wọn. Wọ́n wá ṣe ìrántí ìyá, wọn kò mú oúnjẹ kankan wá, ì báà ṣe búrẹ́dì. Nílé tiwa, bí a bá rántí òkú, a máa ń fún ènìyàn jẹ. Mo gbé kéèkì alájà mẹ́ta náà wọlé, mo mú ọ̀bẹ, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òdòdó àti gbogbo rẹ̀. Mo pe àwọn ìyá àgbà wọlé, mo fi ṣe sàráà fún ìyá tí mo bá gbé. Wọ́n gba tiwọn, wọ́n ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún un, wọ́n ń sọ bó ti jẹ́ ọlọ́yàyà nígbà ayé rẹ̀, bó ti fi ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ta aṣọ títí ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú.

Àkọ́bí náà gba tirẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó rìn sún mọ́ mi, ó sì tún padà sí ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ṣì máa gbà á fún ọdún tó ń bọ̀, àbí? A ò ní fowó lé e."

Mo kó ọ̀bẹ mi, mo kó páànù mi. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, mo kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. N kò kí òun.