Orúkọ Tí Àwọn Adití Sọ Mí

Orúkọ méjì ni àwọn adití ti sọ mí láyé mi. Adití kì í fi ẹnu pe ènìyàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọni lórúkọ: wọ́n á wo ojú rẹ, ìrìn rẹ tàbí ìwà rẹ, wọ́n á mú ohun kan níbẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ ṣe é. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, ẹ̀bẹ̀ kò lè yí i padà. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ mí dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń ṣe é fún ara mi níwájú dígí. Ìkejì ni mo ń jẹ́ títí dòní, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé mi, ni adití ilé wa. Ibà ló mú un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ lọ. Bàbá wa ń wa katakata fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń la ọ̀nà l'Ékòó, nígbà tí owó epo ń ṣàn tí gbogbo ìlú ń kọ́lé. Owó yẹn ló fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití lọ́nà jíjìn. Àwọn ará ilé ní ó ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá. Nígbà tí àbúrò mi padà dé, ó mú iṣẹ́ aṣọ rírán bọ̀, ó mú èdè ọwọ́ bọ̀, ó sì mú agídí tí kò sí nínú ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Èmi ti di tíṣà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà náà. Lórí ẹní ló ti kọ́ mi ní èdè ọwọ́, bí mo bá ṣì í ṣe á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe di ẹnu rẹ̀ láàárín ìlú.

Ọdún tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí a ń tò fún súgà àti ọṣẹ, ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Gánà dé bá wa. Adití ni òun náà. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wá, adití ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ adití mọ bí wọ́n ṣe lè darí ara wọn, kó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa ṣáájú wọn títí ayé. Àwọn méjì yòókù dúró sí Ìlọrin àti Ọ̀fà. Òun wá sí ìlú wa tí kò jìnnà sí Arandun, ìjọ fún un ní yàrá kan, ó ń bá àbúrò mi rán aṣọ, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.

Lọ́sọ̀ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ adití á ti Agbamu, Arandun àti Ìsánlú-Ìsin wá sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á to àga yípo kí ẹnikẹ́ni má kọ ẹ̀yìn sí ẹnìkejì. Pákó gígùn kan wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà lórí rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á fi ẹsẹ̀ lu pákó náà, ẹsẹ̀ àwọn yòókù á gbọ̀n, wọn á wò ó. Ohun tí ará Gánà yìí kórìíra jù ni kí ènìyàn máa wolẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń sọ̀rọ̀ tó doríkodò, á rọra fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó ní ẹni tó bá wolẹ̀ ti di etí ara rẹ̀.

Mo lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, a ó ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Tí ọmọ bá sì fẹ́ bẹ àgbà lọ́wẹ̀, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á kí i, á ní ọmọ yín ni mo jẹ́, á wá rọra gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn adití wọ̀nyí kò ní àyè fún gbogbo ìyẹn. Ọwọ́ wọn kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Wọ́n á nàka sí ẹni tí wọ́n ń bá wí, ó parí.

Wọ́n fi àbúrò mi ṣe olórí. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ ògbufọ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì sọ mí lórúkọ àkọ́kọ́: wọ́n á fọwọ́ kan etí, wọ́n á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Etí wa. Mo sunkún lọ́jọ́ náà nítorí ayọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni àbúrò mi ń fẹ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú tí àga tó ti ṣẹ́ kún inú rẹ̀, tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Àwọn ọmọ adití wà káàkiri tí wọ́n jókòó sílé láìmọ nǹkan kan, tí àwọn ará ìlú ń pè ní odi, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní orúkọ. Ó fẹ́ yàrá yẹn kí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ́ wọn níbẹ̀. Ó ti rí kápẹ́ńtà tó máa tún òrùlé ṣe: adití ni, ará Agbamu. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú ní Ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ti wálé, ni wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ará Gánà fi ń bá a tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Sọ ohun tí o fẹ́. Sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ máa ṣe. Jókòó.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún, léèsì àwọn ará Èkó ń tàn yinrin bí ẹni pé owó epo kò tí ì lọ. Alága ni ọ̀gá àgbà mi àtijọ́ nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá mi rí iṣẹ́ tíṣà. Àbúrò mi bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó yára dìde nítorí pé ẹni tó bá kúnlẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní rí ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ alága gbọnrangandan. Ó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó sọ nìyí, mo mọ̀ ọ́n sórí: "Yàrá kan wà lẹ́yìn ibí. Ewúrẹ́ ló ń lò ó. A fẹ́ ẹ. Àwa la máa tún un ṣe, àwa la máa kọ́ àwọn ọmọ wa níbẹ̀. A ò wá tọrọ. Má fún wa ní nǹkan mìíràn."

Bó ṣe nàka sí alága ni ojú gbà mí tì. Mo rí i tí ìyá kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé wọ́n á ní ilé wa kò kọ́ ọmọ. Mo bá fi orúnkún mi kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, lórí ìkúnlẹ̀ ni a wà."

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ìwà ọmọlúàbí ni wọn ì bá pè é. N kò dúró. Gbọ̀ngàn ti pa rọ́rọ́, gbogbo ojú wà lára mi, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ní àwọn ọmọ tí Ọlọ́run kò fún ní etí ló wà níwájú yín. Mo ní wọn kò ní olùrànlọ́wọ́. Mo ní ẹ ṣàánú wọn, ohunkóhun tí ọwọ́ yín bá ká. Yàrá náà, ìparí ni mo mẹ́nu bà á, mo ní bí ẹ bá rí igun kékeré kan fi wọ́n sí.

Ìyá kan láti Èkó fi gèlè nu ojú. Ó dìde, ó ní òun á fún wọn ní àpò ìrẹsì kan. Ẹlòmíràn ní òun ní ògbólógbòó aṣọ. Bàbá kan ní ẹ̀yìn bọ́ sí i, ó ní, "Án ò lè dá yàrá gbé o, àwọn tí ò gbọ́ràn. Bí iná bá jó ńkọ́?" Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n lo yàrá náà fún mílíìkì àti súgà tí ìjọba ń pín. Alága wò mí, ó ní, "O káre. Ẹ̀gbọ́n rere ni ọ́." Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Àbúrò mi kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n adití ń ka ojú bí àwa ṣe ń ka ìwé. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ìyá yẹn ń sunkún? Kí ni wọ́n sọ nípa yàrá?"

Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn pé wọ́n ní àwọn máa rò ó.

Ará Gánà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, kò tilẹ̀ gbọ́ èdè kankan, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti ń wò látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kúrú. Tìrẹ gùn." Mo ní bí Yorùbá ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdeé wọ́n já àpò ìrẹsì àti ògbólógbòó aṣọ sí ojúlé wa. Àbúrò mi jáde, ó dúró tì í, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó wò mí. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sì sàn kí n rí i. Ó pe kápẹ́ńtà ará Agbamu, àwọn méjèèjì gbé ẹrù náà padà lọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n sọ̀ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo ìlú ní odi ń yájú, ẹni tí wọ́n ń ṣàánú tún ń gbéra ga. Wọ́n sọ ọ́ níwájú mi lójà. Mo ń yan ata mi lọ. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á sílẹ̀, n kò sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí àwọn ọ̀dọ́ náà lábẹ́ máńgòrò. Ọ̀kan nàka síbi tí mo ti ń bọ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́, bí alágbe tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wẹ̀yìn wò bóyá alágbe kan ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n yára fi ọwọ́ sápò.

Nígbà ọyẹ́, ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn. Mo bá ará Gánà gbé ẹrù dé gáréèjì Ọ̀mù-Àrán. Láti ilé ni mo ti ń tò ó lọ́kàn pé n óò jẹ́wọ́ fún un. A gbé ẹrù sórí ọkọ̀, ọwọ́ mi ṣófo, kò sí àwáwí mọ́. Mo kàn ń nu ọwọ́ sí ìró mi. Òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tọ́jú àbúrò mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pe orúkọ mi sí i. Èyí tuntun ló pè, àtẹ́lẹwọ́ alágbe. Kò fi ṣe ẹ̀sín, orúkọ tí mo ń jẹ́ ló kàn pè.

Àbúrò mi kò bá mi jà. A jọ ń jẹun, a jọ sin bàbá wa nígbà tó kú. Ṣùgbọ́n kò ní kí n gbẹnu sọ fún òun mọ́. Bó bá ní nǹkan sọ lójà, á kọ ọ́ sórí síléètì. Lábẹ́ máńgòrò ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà, bí òjò bá dé wọ́n á tú ká.

Ó tó ọdún mẹ́fà kó tó tún bọ́ síwájú ẹgbẹ́ ìlú. Nígbà yẹn kò sí mílíìkì tàbí súgà tí ìjọba ń pín mọ́, ewúrẹ́ ti padà sí yàrá wọn. Ó ránṣẹ́ pe ògbufọ̀ kan láti Ìlọrin, àlejò tí kò mọ ẹnì kankan nílùú wa. Mo tọ àbúrò mi lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ló dé tó fi dààmú ara rẹ̀, ṣebí èmi wà níbí. Ó wò mí dáadáa. Ó nàka sí àga.

Ó ní, "Jókòó. Ìwọ lo ní etí. Gbọ́."

Mo jókòó. Ọ̀gá àgbà mi àtijọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti fi ipò alága sílẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó dìde, ó tẹjú mọ́ wọn. Ògbufọ̀ náà dúró ṣánṣán, ó ń fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ ń sọ, kò bù kún un, kò yọ kúrò: "Yàrá kan wà lẹ́yìn ibí. Ewúrẹ́ ló ń lò ó. A fẹ́ ẹ." Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà láti ọdún mẹ́fà wá. Nígbà tó dé "A ò wá tọrọ," àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé òótọ́ ló sọ.

Ọ̀gá àgbà náà tẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o. Ìgbà wo ló ti ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ó ti pẹ́, sà," ni mo wí. "Èmi ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́."