Ìròyìn Ọ̀sẹ̀ Kan fún Bàbá Efire

Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní purọ́. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ni mò ń bójú tó l'Ókè-Àgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan máa ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ariwo rẹ̀ a borí tiwa. Ṣùgbọ́n tó bá ti di háàfù-táìmù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sí ìròyìn àgbáyé."

Lọ́jọ́ tí fóònù tó tún fi ń ka ìròyìn bàjẹ́, ó tún bẹ̀ mí. Mo ní, "Ọ̀gá ìwé, ta ló ń dúró de ìròyìn lọ́dọ̀ ẹ?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mi ò yí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè tó máa ń lọ wo bàbá rẹ̀, mo fi ọ̀kadà mi gbé e relé l'Efire létí omi. Bàbá rẹ̀, apẹja tí kò ríran mọ́, ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà sọ bọ́ọ̀lù àná fún un, ó ń sáré káàkiri àgbàlá bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí.

"Ayé wá ńkọ́? Rédíò kì í dá mi lóhùn bíi tìẹ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo sùn lọ ni."

Ọmọ náà kò tiẹ̀ wojú mi.

Ní báyìí, mo ń yí i sí ìròyìn kó tó bẹ̀ mí. Síbẹ̀, mo ṣì jẹ bàbá yẹn ní ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan, àti òtítọ́ pé ọmọ rẹ̀ kò sùn.