Eyín Mẹ́jọ Tó Di Mẹ́sàn-án

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ jíà. Èmi tí mo ti ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ fún un láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò gbà mí gbọ́ rí. Bí mo bá sọ iye eyín tó wà lára jíà, á kàn rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀, á fi ẹfun sàmì sí eyín kan, á wá máa fi ìka kà wọ́n sókè ketekete. Ẹni bá bá a sọ̀rọ̀ láàárín, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀. Òun la ṣe ń pè é ní Tún-un-kà.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, ló lọ ra táyà ràgàjì mẹ́rin sí i. Ẹni tó tà á fún un ní táyà ńlá ló ń gun òkè. Irọ́ gbuu! Táyà ńlá máa ń gba ilẹ̀ púpọ̀ nínú yíyí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọkọ̀ dé ìdajì òkè, ó ń mí hẹlẹ, àwọn ọmọ iléèwé ń fẹsẹ̀ rìn kọjá, wọ́n ń kí dírẹ́bà pé ó kú ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀ Ìyá ti gba iṣẹ́ kíkó búlọ́ọ̀kù lọ síléèwé orí òkè. Bí búlọ́ọ̀kù kò bá débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọlọ́kọ̀ mìíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dá táyà àtijọ́ padà."

"Èyí tí mo fowó rà ńkọ́, kí n máa fi jókòó? Wá nǹkan ṣe sínú ọkọ̀, ọkọ ọmọ mi."

Ó ku ká pààrọ̀ jíà tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tẹ̀yìn àti tiwájú, torí ẹrẹ̀ ni ọ̀nà òkè náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ tì í. Jíà ńlá inú rẹ̀ ní eyín mẹ́tàdínlógójì, kékeré tó ń yí i ní mẹ́sàn-án. Tún-un-kà fẹ́ kí ńlá di mọ́kànlélógójì, kí kékeré ṣì jẹ́ mẹ́sàn-án, kó lè yí púpọ̀ sí i kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì lè rí ìsinmi. Tẹ̀yìn àti tiwájú sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo kó oríṣi méjì tí mo rò pé wọ́n bára mu wá, ńlá pẹ̀lú kékeré rẹ̀. Tẹ̀yìn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kan tiwájú, Ìyá dé, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì í.

"Mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún..."

"Ọkọ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, Màmá." Ó padà sídìí ẹfun. Ó dé ọgbọ̀n.

"Ṣó o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá." Ó di oókan.

"Kí lo jẹ?"

Ta ló máa sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó panu mọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ka jíà ńlá kó tó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ó kan kékeré. Ó ka márùn-ún, Ìyá ní, "Oòrùn yìí mà mú o."

"Ó mú, Màmá." Ojú tì í láti tún ohun tí ọmọdé lè kà bẹ̀rẹ̀. Ó bá ń kà á lọ, ṣùgbọ́n orí eyín tó ti kà tẹ́lẹ̀ ló fìka padà sí. Eyín mẹ́jọ di mẹ́sàn-án.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ jáde sórí títì ọlọ́dà. Nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, ó ń sáré dáadáa. Tún-un-kà fa ọ̀pá kí tiwájú náà máa tì í. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nún bí ewúrẹ́. Ẹ̀yìn ní ká lọ, iwájú ní ká dúró, táyà ń ké.

Ìyá di ilẹ̀kùn mú. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?"

Tún-un-kà tú iwájú. Ó ka jíà kékeré lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mẹ́jọ ni, Màmá."

"Mẹ́sàn-án lo kà lójú mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ní oòrùn mú."

"Ṣé kò mú ni?"

Mo lọ gbé òmíràn wá. Tún-un-kà fi ẹfun lé Ìyá lọ́wọ́ pé kó kà á fúnra rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó kìka bọ gírísì. Ó dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí onílé wa yọ sí wa.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o."

Ìyá kò dáhùn.

"Ìyá, mo ní ẹ kú ọ̀sán!"

Ìyá na ọwọ́ gírísì sí i. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n!"

Onílé bínú lọ. Tún-un-kà ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, búlọ́ọ̀kù ti dé orí òkè kí aago mẹ́wàá tó lù. Iṣẹ́ di ti Ìyá pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, dírẹ́bà fẹ́ yà sílé, Ìyá ní rárá.

"Yà mí sọ́dọ̀ onílé. Mo fẹ́ lọ dáhùn ẹ kú ọ̀sán tó kí mi lánàá."