Mùíbátù Kọ̀, Kò So Yìgì Nítorí Ìwé Ìkọjá

Láyé òyìnbó, ọdún tí Ògúntóyè fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ijoko, òun àti Mùíbátù aránṣọ pinnu pé Àjàṣẹ́ làwọn yóò ti lo ọjọ́ alẹ́ àwọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ògúntóyè kan ló kú síbẹ̀ tó fi ilé kékeré sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ẹja ò wọ́n, ilẹ̀ Faransé sì ni, ẹnu àwọn ará Ọ̀tà tí wọ́n ń gbé kò lè dé ibẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wu Mùíbátù jù.

Mùíbátù ti lọ́kọ rí. Wọ́n so yìgì fún un nígbà èwe, ó sì gbádùn ọkọ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tí àwọn àbúrò ọkọ fi wọlé, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tó fowó ara rẹ̀ rà, tí wọ́n sì ní àwọn máa ṣú òun náà lópó fún èyí tó kéré jù nínú wọn.

"Ẹ ti gbé ẹ̀rọ," Mùíbátù wí. "Ó ku èmi. Ẹ wá gbé mi, kí n wò yín."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó jáde, ó búra pé yìgì kan ti tó òun láyé. Nígbà tí Ògúntóyè wá dẹnu kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ ìbúra náà fún un. Ògúntóyè ní òun gbọ́, òun sì gbà. Bí wọ́n ṣe jọ ń gbé nìyẹn títí irun wọn fi funfun.

Ọ̀rọ̀ di wàhálà nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì kan ní Èkó tí wọ́n ti ń gba ìwé ìkọjá ààlà. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ lọ gbé ní òdìkejì ààlà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó ní báńkì, kó má baà di alágbe sílùú onílùú. Owó àwọn méjèèjì sì wà lórúkọ Ògúntóyè nìkan, torí báńkì ti ní àwọn ò lè kọ orúkọ obìnrin tí kò ní ìwé ìgbéyàwó mọ́ tirẹ̀.

Fọláwẹwọ́, akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀, yẹ ìwé wò. "Ti Bàbá ti parí. Ìyá ńkọ́? Ìyàwó yín ni, sà?"

"A jọ ń gbé ni," Ògúntóyè dáhùn.

"A ò ní àyè fún ìyẹn. Ẹ lọ so yìgì kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá. Àbí ká kúkú kọ Ìyá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ yín, kó tán síbẹ̀."

Mùíbátù na ìka sí i. "Ọmọ ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀nà tó rọrùn ni mò ń wá fún yín."

"Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni kó o bá mi wá."

Wọ́n padà sí Ọ̀tà. Jìbírílù, ẹ̀gbọ́n Mùíbátù, gbọ́, ó sáré dé. Inú rẹ̀ dùn pé òyìnbó ti bá òun ṣe ohun tí òun ò rí ṣe.

"Àlùfáà wà nílé," ó ní. "Ìwọ ṣáà sọ pé o gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá máa so yìgì, torí Ọlọ́run ni, kì í ṣe torí asọ́bodè."

"O fẹ́ kí ojú máa tì mí ní mọ́ṣáláṣí títí n ó fi kú?"

"Àwọn tó gbé ẹ̀rọ mi lọ, ẹ jọ ń kírun ni. Ojú ò tì yín nígbà yẹn."

Jìbírílù bínú jáde, ó ní bó bá kọjá ààlà, kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mùíbátù jókòó, ó sunkún. Ọkàn Ògúntóyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

"Mùíbá, ká kúkú ṣe é? Mi ò ní yí padà sí ọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣáájú mi kú ńkọ́? Ṣé ẹ lè bá mi bá àwọn ẹbí yín jà láti inú sàréè?"

Mùíbátù nu ojú rẹ̀, ó tún bèèrè.

"Ìdajì owó báńkì yẹn, ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ yọ ọ́ fún mi."

Ó gbé owó náà lọ sí báńkì ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi sí orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ ọkọ, ó ní iṣẹ́ tòun ni kí wọ́n kọ. Òun àti Ògúntóyè tún kọrí sí Èkó.

"Kò sí ìyàwó níbí, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀," ó sọ fún Fọláwẹwọ́. "Èèyàn méjì ló ń rìnrìn àjò. Owó mi rèé."

Fọláwẹwọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé ta lẹ máa dé sí, mà?"

"Tèmi," Ògúntóyè fèsì látẹ̀yìn. "Èmi ni onílé."

Ọ̀gá ọ́fíìsì dá ìwé Mùíbátù dúró títí àsìkò òjò fi dé. Mùíbátù ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ní kó mú ọkọ wá, ó ní òun ò wá tọrọ ọkọ. Nígbẹ̀yìn, ó sú wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Òun àti Ògúntóyè gba Àtàn lọ sí Ìdíròkò lẹ́nu ààlà, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ní Àjàṣẹ́, àwọn ẹbí ìyá Ògúntóyè wá kí wọn. Àgbà wọn bèèrè ohun tí obìnrin náà jẹ́ sí i.

"Èèyàn mi ni," Ògúntóyè ní. "Yàrá ọwọ́ ọ̀tún, tirẹ̀ ni, bí mo wà, bí n kò sí. Gbogbo yín ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Àgbà náà ń kùn. Mùíbátù ní ọbẹ̀ ẹja ti jinná, kí wọ́n ṣan ọwọ́.