Òyìnbó Tí Mo Fi Sí Télọ̀ Lẹ́nu

Ẹ bá mi yin òyìnbó gígùn, ọba lórí gbogbo ọ̀rọ̀ kúkúrú! Bí ó bá wọlé, àgbà á dìde fún un. Bí ó bá wọ ìwé, ìwé á wúwo. Láti Ẹ̀jìgbò títí dé Ara, ẹni tí ó bá ti lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tí kò yé ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sẹ́yìn níbi ìpàdé.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí mo ń dúró de ìwé agùnbánirọ̀. Mo ti ka ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè lórí fóònù mi, nítorí náà mo gbà pé ó kù díẹ̀ kí n di adájọ́. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ń pè mí ní Lọ́yà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí mo fi máa tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa sáré wọlé, ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ti mú ọkọ rẹ̀. Ọ̀la sì ni ìsọmọlórúkọ àkọ́bí tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án dúró dè. Àgbò ti wà lórí ìso, wọ́n ti bẹ Alùfáà.

"Lọ́yà, ẹ gbà mí o! Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ta ni yóò sọ ọmọ yìí lórúkọ?"

Ẹ̀sùn náà kò ju aṣọ lọ. Ìyá oníṣòwò kan tí ó ti Àbíjàn dé gbé léèsì fún télọ̀, ayọ́ọ̀nù sì jó o. Ojú ti télọ̀, kò lè sọ. Ó gba Òṣogbo lọ láti wá irú rẹ̀, ó lo ọjọ́ méjì, kò rí i. Nígbà tí ìyá náà bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ó ń pariwo "Fọlẹ́ẹ̀!", tí í ṣe olè lédè Àbíjàn, títí ó fi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí télọ̀ ṣe ń ti Òṣogbo bọ̀ ni wọ́n mú un.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó rẹ̀ dé àgọ́, ọlọ́pàá obìnrin kan ló jókòó ti ìwé ẹjọ́, Ìyá Àbíjàn wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òfin ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́: télọ̀ lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí ó bá wù ú, ẹni náà sì lè jókòó tì í. Télọ̀ nàka sí mi.

"Ṣé lọ́yà ni yín?" ni ọlọ́pàá bi mí.

Mo wúkọ́. "Mo sún mọ́ ọn, Mà."

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni télọ̀ sọ: "Ayọ́ọ̀nù ló jó aṣọ Màmá. Ojú tì mí. Mo lọ wá irú rẹ̀ ní Òṣogbo." Mo wò ó pé ọ̀rọ̀ yìí ti rù jù fún ìwé ìjọba. Mo fi òyìnbó bọ́ ọ títí ó fi kún ojú ìwé méjì.

Ọlọ́pàá kà á, ó wò mí, ó tún un kà. "Mo gbọ́dọ̀ kà á fún un lédè tí ó gbọ́," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀: "'Èmi nìkan, láìní alábàápín, ni mo fi iná ba dúkìá obìnrin ọlọ́lá yìí jẹ́ kọjá àtúnṣe, tí mo sì sá àsálà lọ sí Òṣogbo.'"

Télọ̀ fò dìde. "Súbúhánálláhì! Ta lọ̀daràn yìí? Ẹ yáa lọ mú un o!"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, adìẹ pàápàá, ẹlòmíràn ló ń bá mi pa á!"

"Ta ló wá sọ èyí?"

Gbogbo òyìnbó mi sá lọ. "Èmi ni, Mà. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àbíjàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo lọ́yà tó sọ mí di ọlọ́lá, tó fẹ́ sọ télọ̀ di ẹlẹ́wọ̀n!"

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ "n ò jẹ." Ọlọ́pàá fún télọ̀ ní ìwé mìíràn, télọ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn mẹ́ta náà ní Yorùbá, ìlà rẹ̀ gún bí ipa abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n lọ gbé léèsì tó jó náà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Àbíjàn na ihò inú rẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ojú yín ni mò ń bẹ̀rù, Màmá."

Ọlọ́pàá pa ìwé dé. "Òfin ò ní ká ti ènìyàn mọ́lé torí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Ẹ lọ parí rẹ̀ nílé."

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ fún Alùfáà lọ́jọ́ kejì. Ìyá Àbíjàn wá, ó bọ́ sídìí àwo ẹran tó tóbi jù, ó ní owó ìtanràn òun nìyẹn.

Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Nígbà míràn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń pè mí síbi ìpàdé wọn kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ tẹnu wọn lédè tiwọn, kí wọ́n má sì tọwọ́ bọ ìwé tí kò yé wọn. Mo máa ń fi ìtàn yìí ṣe àpẹẹrẹ, wọn a sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti kọ ìwé náà, ohun tí mo máa ń wí ni pé "ọ̀dọ́mọkùnrin agbéraga kan ló kọ ọ́." Kò sẹ́ni tó tíì bi mí lórúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́.